Kí A Tó Tú Gíábọ́ọ̀sì: Bí Gíà Alùpùpù Àtijọ́ Ṣe Lè Máa Wọlé Wẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tún un kọ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá, àti àwọn tí wọ́n ní kí a kọ àwọn ìwọ̀n sílẹ̀ fún àwọn.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí àwa díẹ̀ tí a máa ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn ènìyàn ń bi wá jù lọ. Ohun náà kò ju ẹyọ kan lọ: gíà. Gíà ń ké. Gíà kò wọlé. Gíà wọlé tán, ó tún fò jáde. Nútírà, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì wa nílé ń pè ní fírí, kò ṣeé rí nígbà tí iná pupa bá dá ènìyàn dúró. Gbogbo ẹni tí ó bá sì gbé ẹjọ́ yìí wá ni ó ti dá a ní ọkàn ara rẹ̀ pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, pé owó ńlá ti wọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn alùpùpù tí ó ti kọjá lọ́wọ́ wa, gíábọ́ọ̀sì kò mọwọ́ mọsẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó jẹ̀bi. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, bí àwọn àgbà ti wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń gé ìka tí kò ṣẹ̀, a sì ń san owó ọbẹ.

A kò lè sọ̀rọ̀ lórí gbogbo alùpùpù tí a ti ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí nínú ìjókòó kan. Nítorí náà, Triumph Bonneville 650 tí wọ́n ṣe láàrin 1963 sí 1970, onígíà mẹ́rin, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin wa, ó sì jẹ́ ọmọ àdúgbò, nítorí pé Meriden, lẹ́bàá Coventry, ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí gbọ̀ngàn tí a jókòó sí yìí. Láti 1959 ni wọ́n ti ń tà á. Orúkọ rẹ̀ wá láti pápá iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, níbi tí Johnny Allen ti fi ẹ́ńjìnnì Triumph sáré ju 210 máìlì lọ ní wákàtí kan ní 1956. Ní 1963 ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀ sínú ilé irin kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ní BSA ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ohun tí a ó sọ kan òun náà, ṣùgbọ́n kí ó wo ìwé tirẹ̀ fún ìwọ̀n. Ilé iṣẹ́ Meriden fúnra rẹ̀ rí ojú ayé: àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sínú rẹ̀ ní 1973 nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í pa, wọ́n sọ ọ́ di ti ara wọn ní 1975 gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó sì kógbá sílé ní 1983. Ìtàn yẹn tó ìpàdé kan lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ kí a tó wọ inú ẹ̀rọ, nítorí pé ó lè pa ènìyàn. Lórí Bonneville yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni gíà wà, ẹsẹ̀ òsì ni bíréékì ẹ̀yìn wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gíà kìíní ni. Ẹ gbé e sókè, kejì, ìkẹta, ìkẹrin, fírí sì wà ní ìdajì ọ̀nà láàrin kìíní àti kejì. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni òfin Amẹ́ríkà mú kí gbogbo wọn kó gíà lọ sí òsì, bí ti òde òní. Ẹni tí ó kọ́ alùpùpù lórí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ọmọdé bá já lu títì níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi wá bíréékì. Gíà ni yóò tẹ̀. Alùpùpù yóò já sí gíà ìsàlẹ̀ lójijì, táyà ẹ̀yìn yóò sì fẹ́ dì. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà kan àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́ ọ lórí Honda kékeré nílé, èyí tí kò ní lífà kílọ́ọ̀ṣì rárá: títẹ̀ síwájú ni ó ń gbé gíà èyí lọ sókè. Bí ẹ bá fẹ́ gun ti bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ lo wákàtí méjì ní ibi tí ọkọ̀ kò sí, kí ẹsẹ̀ yín gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Kò sí àtúnṣe ẹ̀rọ tí ó lè ṣe èyí fún yín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé agbára láti ibi tí ó ti ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣéènì onílà méjì gbé agbára náà lọ sínú kílọ́ọ̀ṣì ní apá òsì, lábẹ́ ìdérí. Kílọ́ọ̀ṣì gbé e fún ọ̀pá ńlá inú gíábọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ṣéènì ẹ̀yìn àti táyà. Nínú gíábọ́ọ̀sì yìí, àwọn gíà méjìméjì tí ó dojú kọ ara wọn kì í yà, ìgbà gbogbo ni wọ́n wà lẹ́nu ara wọn. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá pààrọ̀ gíà ni pé fọ́ọ̀kì kan ti gíà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn eyín gbọọrọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè wọ inú ihò gíà kejì kí àwọn méjèèjì máa yí pọ̀.

Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Kí eyín ẹ̀gbẹ́ tó lè wọ ihò wẹ́rẹ́, eré àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn. Tí ẹ bá dúró, táyà ẹ̀yìn dúró, apá kan nínú gíábọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá tú tán pátápátá, apá kejì náà yóò rọra dúró, gíà kìíní yóò wọlé pẹ̀lú ìró kékeré. Ṣùgbọ́n tí kílọ́ọ̀ṣì kò bá tú tán, tí àwọn pèlétì rẹ̀ ṣì ń ra mọ́ ara wọn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa wọ́ ọ̀pá yẹn kiri. Ẹ wá tẹ gíà: gbàgà! Eyín tí ń sáré kọlu eyín tí ó dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, etí àwọn eyín yẹn yóò yọ̀ roboto bí òkúta etí odò. Nígbà náà ni gíábọ́ọ̀sì yóò bàjẹ́ lóòótọ́, tí gíà yóò máa fò jáde lójú eré. Kílọ́ọ̀ṣì tí a kò tọ́jú ni ó pa á.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tí ó jẹ̀bi? Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró rẹ̀, kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ gíà. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọlé láìsí wàhálà, tí ó wá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni. Bákan náà, tí kìíní bá ń ké nígbà tí ẹ dúró, tí fírí sì ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n tí kejì sí ìkẹta ń lọ dáadáa lójú ọ̀nà, kílọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gíà kan pàtó, bóyá ìkẹta nìkan, ni ó ń fò jáde nígbà tí ẹ bá fún un ní agbára, tàbí nígbà tí ẹ bá dẹwọ́, ẹ má fi ìyà jẹ kílọ́ọ̀ṣì, inú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí pẹ́dà bá sì tẹ̀ sísàlẹ̀ tí kò padà sókè fúnra rẹ̀, sípíríǹgì inú ìdérí ọ̀tún ni kí ẹ fura sí.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa gbé Bonneville 1967 tirẹ̀ lọ sí sọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní gíábọ́ọ̀sì ti parí, wọ́n sì dá owó tí ó ju ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ lé e. Bàbá kò ní in. Wọ́n ti ń bá ẹni tí yóò rà á sọ̀rọ̀, ní iye tí à ń ta irin fọ́ọ́fọ̀ọ́, kí aya wọn tó mẹ́nu kàn án fún wa lẹ́yìn ìpàdé. Alùpùpù tí wọ́n fi lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí àkọ́bí wọn sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò jogún rẹ̀! A ṣí ìdérí òsì ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì sípíríǹgì mẹ́ta ti yọ jáde ju àwọn méjì yòókù lọ, wáyà kílọ́ọ̀ṣì ti ń já lókùn lókùn, etí agbọ̀n kílọ́ọ̀ṣì sì ti ní kòtò bí ọ̀nà oko. Ohun tí a rà kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí sọ́ọ̀bù yẹn dá lé e. Gíábọ́ọ̀sì, a kò fọwọ́ kàn án àfi láti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí ibí yìí ni iṣẹ́ wà.

Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Ẹ yọ ọ́ lórí lífà, ẹ fi ọwọ́ fà á. Tí ó bá ń gún yín lọ́wọ́, tàbí tí ó ń di nínú awọ rẹ̀, ẹ ra tuntun. Ẹ wo ọ̀nà tí ó gbà, kí ó má ṣe igun ṣóńṣó lábẹ́ táńkì. Pèlétì inú kílọ́ọ̀ṣì yìí jẹ́ 12, 6 tí a lẹ nǹkan mọ́ lójú àti 6 tí ó jẹ́ irin lásán. Àlàfo kékeré tí lífà bá ṣí sílẹ̀ ni gbogbo wọn ó pín láàrin ara wọn. Tí wáyà tí ó ti nà bá jẹ mílímítà kan nínú rẹ̀, ẹ rí i pé kò sí ohun tí ó kù láti pín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìtúnṣe àárín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá. Wọ́n ń fi sùkúrù tí ó wà lórí lífà nìkan tún un ṣe lọ́dọọdún, títí kò fi sí ohun tí ó kù láti yí. Ẹ dẹ wáyà pátápátá ní ọwọ́ lífà. Ẹ ṣí ọmọrí tí ó wà ní àárín ìdérí òsì. Ẹ ó rí sùkúrù kan tí nọ́ọ̀tì dè. Ẹ tú nọ́ọ̀tì náà, ẹ rọra yí sùkúrù wọlé títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti kan ọ̀pá tín-ín-rín tí ó gba inú ọ̀pá ńlá kọjá, tí pèlétì ìta sì ń fẹ́ gbéra. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ yí i padà sẹ́yìn odindi ẹ̀ẹ̀kan, ẹ di nọ́ọ̀tì mú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi sùkúrù orí lífà mú àlàfo wáyà wá sí nǹkan bíi 3 mm. Ẹ má jẹ́ kí ó dín kù sí òdo, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì tí kò ní àlàfo yóò máa yọ̀ nígbà tí ẹ bá fún un lágbára, yóò sì jó.

Tí èyí kò bá tó, ẹ ṣí ìdérí òsì. Ọ́ìlì yóò dà, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ni ó di sípíríǹgì mẹ́ta mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí sùkúrùdíráfà ń wọ̀. Ṣùgbọ́n bóòtù wà ní àárín ẹnu yẹn, nítorí náà ẹ mú sùkúrùdíráfà ògbólógbòó kan, kí ẹ fi fáìlì gé àárín etí rẹ̀ kí ó dà bí eyín méjì. Irinṣẹ́ yẹn kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan títí orí bóòtù yóò fi bá a dọ́gba. Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a kò tíì parí. Ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ iná wà ní pípa. Kí ẹnì kan fa lífà kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa wo pèlétì ìta bí ó ti ń yí. Ó yẹ kí ó yí gbọọrọ bí àwo orin. Tí ó bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, ibi tí ó ti ń yọ síta jù ni sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀ jù, ẹ di nọ́ọ̀tì ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún tẹ kíìkì. Ẹ tún wò ó. Iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí kan, ó sì lè sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí a yan iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí a sọ lónìí, òun ni a ó yàn. Nígbà tí pèlétì bá ń jó, apá kan tú, apá kan kò tú, ẹ fẹ́ fa lífà títí ọwọ́ yóò fi bó, kò ní tú tán.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ kó pèlétì jáde. Ẹ tẹ́ àwọn onírin lásán lé orí gíláàsì, ẹ tẹ etí rẹ̀ yí ká. Èyí tí ó bá ń mì ti tẹ̀, ẹ jù ú nù. Èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ẹ fi yanrìn pépà ha á díẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì ń lẹ ojú dídán méjì mọ́ra. Ẹ wá wo etí agbọ̀n, níbi tí apá pèlétì ń fi ara tì. Tí kòtò bá ti wà níbẹ̀, apá pèlétì yóò máa há sínú rẹ̀, kò ní rìn síta nígbà tí ẹ bá fa lífà. Kòtò tí kò jìn ṣeé fi fáìlì nù kúrò. Tí ó bá jìn, agbọ̀n tuntun ni, ẹ má tan ara yín. Ẹ yẹ rọ́bà tí ó wà nínú àárín kílọ́ọ̀ṣì wò pẹ̀lú, ìyẹn àwọn tí ó ń gba ìjá ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ti fọ́, gbogbo ìpààrọ̀ gíà ni yóò máa já ènìyàn nídìí. Kí ẹ tó dé e padà, ẹ gbé ṣéènì onílà méjì náà sókè sódò ní àárín. Ìmì rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bíi 9 mm ní ibi tí ó le jù.

Ọ́ìlì. Ní apá òsì yìí, 350 cc ni ìwé Triumph sọ. Ẹ má lo ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ṣe kí ó máa yọ̀ jù, èyí tí ó wà fún ọkọ̀ tuntun. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ sí lára pé ti alùpùpù ni ó dára. Ti 1970 síwájú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń dé ibẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá rọ fún ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì ó mu. Gíábọ́ọ̀sì lọ́tọ̀ ni, nǹkan bíi 500 cc ti EP90. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán. Ìdí ìdàsílẹ̀ rẹ̀ ní túùbù kékeré nínú, ẹ ṣí sùkúrù kékeré àárín rẹ̀, ẹ máa rọ ọ́ìlì títí yóò fi máa kán jáde níbẹ̀, ó ti kún nìyẹn. Àwa máa ń ra èyí tí a kọ GL-4 sí, nítorí búùṣì idẹ tí ó wà nínú rẹ̀. A ti bá alùpùpù méjì pàdé tí ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì wọn kò kún ife tíì kan, tí àwọn olówó wọn sì ń wá gíà tuntun káàkiri.

Ìdérí ọ̀tún kò gba kí a gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí i, ẹ wo pẹ́dà gíà. Ṣé bóòtù tí ó fún un mọ́ ọ̀pá rẹ̀ le? Ṣé kò gùn jù sókè tàbí sódò fún bàtà yín? Ẹnì kan wà láàrin wa tí kì í rí ìkẹrin, bàtà òjò rẹ̀ ni kò rí àyè wọ abẹ́ pẹ́dà. A sún pẹ́dà sókè ní eyín kan, ó tán.

Nínú ìdérí yẹn ni ọgbọ́n tí Harold Willis ti ilé iṣẹ́ Velocette ní Birmingham mú jáde ní ìparí àwọn ọdún 1920 ń gbé. Kí ó tó dé, lífà ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ alùpùpù fi ń pààrọ̀ gíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì, ẹni tí ń gùn ún ní láti fi ojú àti ọwọ́ wá ibi tí ó wà. Òun ni ó ṣe é kí títẹ̀ kan jẹ́ gíà kan, kí pẹ́dà sì padà sí àárín fúnra rẹ̀. Ti Triumph, sípíríǹgì méjì ni ó ń dá pẹ́dà padà, àwọn irin kékeré méjì onísípíríǹgì sì ni ó ń tì gíà lọ. Tí sípíríǹgì bá ti ṣẹ́, ẹ pààrọ̀ àwọn méjèèjì papọ̀. Tí irin kékeré bá ń há, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi yanrìn pépà wẹ́wẹ́ yọ ibi tí ó ti họ, kí ó máa rìn wọlé rìn jáde fúnra rẹ̀. Lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, láti ìta, irin onísípíríǹgì mìíràn tún wà tí ó ń di gíà kọ̀ọ̀kan mú sí àyè rẹ̀. Tí sípíríǹgì yẹn bá ti rẹ̀, fírí kò ní ní ojú kan, gíà a sì máa yọ. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ sípánà: ẹ jọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì àwọn alùpùpù wọ̀nyí kì í ṣe ti mílímítà. Whitworth ni. Ẹni tí ó bá fi sípánà 13 mm tì wọ́n yóò yí orí wọn di ẹyin, àwa ni yóò sì wá bẹ̀ kí a yọ ọ́.

Tí gbogbo èyí bá ti tọ́, gígùn ni ó kù. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan iná, ẹ fa lífà kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́, kí ẹ tẹ kíìkì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Àwọn pèlétì tí ọ́ìlì tútù ti lẹ̀ pọ̀ láti alẹ́ yóò ya. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ pé ó dẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ rí i pé kò sáré jù nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ń pariwo ní ìdúró kò ní gba gíà kìíní ní pẹ̀lẹ́. Wá fírí kí ẹ tó dúró tán, nígbà tí táyà ṣì ń yí díẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà ṣáájú, ẹ dẹwọ́, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbé e. Gíábọ́ọ̀sì ọdún 1960 kò mọ kánjúkánjú. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní agbára díẹ̀ kí eré inú rẹ̀ lè gòkè bá ti táyà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, gíà sì wà lára ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tíì rí. Ẹ má sì máa gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà bí ẹ ti ń lọ. Ẹsẹ̀ yẹn ń ti fọ́ọ̀kì mọ́ ara gíà ní gbogbo ọ̀nà, yóò sì jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà wo ni a ó wá tú gíábọ́ọ̀sì? Tí gíà kan pàtó bá ń fò jáde lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ sípíríǹgì ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ nínú ọ́ìlì tí ó ju eruku dídán lọ. Tí bíárìn bá ń hu. Nígbà náà ẹ má fi falẹ̀, nítorí gíà tí ó fò jáde nígbà tí ẹ bá ń kọjá lára ọkọ̀ ẹrù lójú ọ̀nà ńlá kì í ṣe eré. Ẹ ní kí ẹni tí ń ṣe é wo eyín ẹ̀gbẹ́ àti fọ́ọ̀kì. Bí etí eyín bá ti yí roboto díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ irin kan lè fi òkúta ìlọ̀ gé e dagun sínú, kí àwọn méjèèjì máa fa ara wọn mọ́ra nígbà tí agbára bá wọ̀ wọ́n. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ bi í léèrè gíà wo ni ó bàjẹ́, kí ó fi hàn yín. Ẹni tí kò bá lè fi í hàn yín, ẹ gbé alùpùpù yín kúrò níbẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé láti oṣù Karùn-ún 2018, alùpùpù tí ó ti ju ogójì ọdún lọ, tí a kò yí padà gan-an, kò pọn dandan kí ó gba ìwé àyẹ̀wò MOT mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Inú ọ̀pọ̀ yín dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bí kò ṣe ẹ̀yin fúnra yín, òfin sì ṣì di ẹni tí ó gùn ún mú pé kí ó wà ní ipò tí kò lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Àwa kan nínú wa ṣì ń gbé tiwa lọ fún àyẹ̀wò náà, bí kò tilẹ̀ pọn dandan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun wo pèlétì tí ń jó, kí ó sọ fún akọ̀wé. Kí ó mú ìwé alùpùpù rẹ̀ wá, àti abọ́ tí a ó fi gba ọ́ìlì, nítorí ti ẹgbẹ́ ti ní ihò.